Láti Ọwọ́ Iná Bọ́ Sọ́wọ́ Oró: Ìtàn Fífọ Òróró Kúrò Lára Irin ní Iléeṣẹ́

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni ìtàn omi tí àwọn iléeṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń fọ irin láti nǹkan bí ọdún 1930. Irin tí ẹ̀rọ bá gé kì í mọ́: òróró tí a fi mú un tutù àti èérún irin a máa lẹ̀ mọ́ ọn. Bí a kò bá fọ̀ ọ́, ọ̀dà kò ní mú un. Èrò wa ni pé ewu tí ó bá ń dójú ti iléeṣẹ́ tàbí tí ó ń da ìlú láàmú ni a máa ń tètè sá fún; ewu tí ó wà nínú èémí òṣìṣẹ́ ni ó máa ń gbẹ̀yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹntiróòlù àti epo òyìnbó ni wọ́n ń lò, iná sì jẹ́ ewu ojoojúmọ́. Trichloroethylene gba ipò wọn nítorí pé kì í tètè gbiná. A óò sè é nísàlẹ̀ àgbá títí yóò fi hó ní ìwọ̀n 87 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìkùukùu rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú àgbá ni ó ń gbé. Bí a bá rọ irin tútù sínú rẹ̀, ìkùukùu náà yóò di omi lára irin, yóò sì ṣan òróró lọ. Nígbà tí irin bá gbóná tó ìkùukùu, ìfọ̀ parí, irin sì jáde ní gbígbẹ.

Ní ọdún 1966, Òfin 66 ti Los Angeles dín lílò rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n nítorí èéfín tí ó bo ìlú ni, kì í ṣe nítorí òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ yí sí 1,1,1-trichloroethane. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ń lo CFC-113. Ní 1974, Molina àti Rowland fi hàn pé irú CFC bẹ́ẹ̀ lè ba ìpele ozone jẹ́. Àdéhùn Montreal ti 1987 mú CFC-113. Ìpàdé London ti 1990 fi èkejì kún un. Àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ sì dáwọ́ ṣíṣe méjèèjì dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wá ń lo omi gbígbóná àti ọṣẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbẹ irin àti dída omi ìdọ̀tí nù ń náni lówó. Àwọn mìíràn padà sí trichloroethylene, tàbí kí wọ́n mú n-propyl bromide, tí ń ba iṣan ara jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé àìmọ̀ ni ó fà á. Òótọ́ ni èyí ní ti ozone ṣáájú 1974. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1940 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi trichloroethylene kun aláìsàn lóorun. Ta ni yóò wá sọ pé òun kò mọ̀ pé ó ń kọjú òṣìṣẹ́? Síbẹ̀, ọdún 2012 ni àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, IARC, tó dájọ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ kíndìnrín, oṣù Kejìlá 2024 sì ni àjọ EPA ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ṣòfin láti fòpin sí i.

Ní ìparí, ìtàn yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mu: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òpìtàn iléeṣẹ́ tí ó bá ka ìwé òfin nìkan, tí kò wo ẹni tí ó dúró ti àgbá, ìdajì ìtàn ni yóò kọ.