Láti ‘Pupilla’ dé Ọmọlójú: Ìtàn Orúkọ Ẹ̀yà Ojú Kan

Ọmọlójú ni ojú dúdú róbótó tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ inú ẹyinjú. ‘Pupil’ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń pe ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé irú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ ní ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì tí Yorùbá kò ní. Ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò ti èrò yìí lẹ́yìn.

Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá. ‘Pupa’ ni ọmọdébìnrin tàbí ọmọláńgidi. ‘Pupilla’ sì ni èyí tí ó kéré. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ará Róòmù lò fún ọmọ òrukàn tí ó wà lábẹ́ alágbàtọ́, òun náà ni wọ́n fi pe ọmọlójú. Láti orí ọmọ òrukàn ni ìtumọ̀ ti yí sí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn Gíríìkì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú: ‘korē’ ni ọmọbìnrin, òun náà ni ọmọlójú. Ìwé Alcibiades, tí wọ́n kà mọ́ iṣẹ́ Plato, sọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ó bá wo ojú ẹlòmíràn yóò rí àwòrán kékeré ti ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà yìí náà ni Yorùbá tọ̀. Ọmọlójú ṣeé tú sí ọmọ tí ó wà ní ojú. Òun náà ni òbí fi ń ké ọmọ tí ó fẹ́ràn. Kò sí ìdí láti rò pé Yorùbá yá a lò: ohun kan náà ni gbogbo wọn rí nínú ojú.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn bá ẹ̀rí inú kíláàsì mu. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò bàjẹ́.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní Ẹgàn tàbí Ìgàndò, ní Alímọ̀ṣọ́, lè ní kí ọmọ méjì kojú sí ara wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Olúkúlùkù yóò rí ‘ọmọ’ inú ojú ẹnì kejì. Lẹ́yìn èyí ni kí olùkọ́ ya ọmọlójú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹyinjú, tí í ṣe odidi, kí ó tó wá fi ‘pupil’ kún un. Ẹni tí ó bá fojú tẹ́ńbẹ́lú orúkọ Yorùbá yìí ti fojú tẹ́ńbẹ́lú ti Látìn náà, nítorí ọmọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò.