Ọnà Ara Ògiri Tí Kò Ṣeé Ṣí

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá parí ilé tuntun l'Ékòó, Ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń forí lé láti ra iná aláràbarà tí wọn yóò so mọ́ àjà. Bó bá sú wọn lọ́la, wọn á tú u, wọn á so òmíràn. Ọnà ilé àwọn Àgùdà ní Erékùṣù Èkó kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọnà ògiri tó ṣeé ṣí náà wà: nílẹ̀ Faransé, bébà ni àwọn olówó àtijọ́ fi ń bo ògiri. Ilé iṣẹ́ Zuber ní Rixheim a máa fín àwòrán sára pákó, wọn a kun ún láwọ̀, wọn a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, àwọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, títí igbó, omi àti èrò yóò fi yí yàrá ká. Ní nǹkan bí ọdún 1830, wọ́n tẹ èyí tó ń fi ilẹ̀ Brazil hàn. Lákòókò yẹn gan-an, ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ ní Bahia. Àwọn Mùsùlùmí inú wọn ló ṣáájú ọ̀tẹ̀ Màlé ní Salvador lóṣù January 1835. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn wọkọ̀ bọ̀ wálé.

Àwọn tó bọ̀ wálé yìí ni à ń pè ní Àgùdà. Iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ni wọ́n mú bọ̀. Ní 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Tinúbú, èyí tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar. Ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Irú ọnà bẹ́ẹ̀, kí ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri tó gbẹ ni bíríkìlà ti ń fi ọwọ́ àti ṣíbí mọ ọ́n. Ara ògiri náà ni.

Alfred Omolana Olaiya ra ilé náà ní 1933. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1956, àmọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù September 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àdánù ńlá ni, ó sì dunni.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé àtijọ́ kan ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, bébà Zuber tó wà lára ògiri rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ní 1961, Jacqueline Kennedy ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ yàrá ìgbàlejò kan ní White House. Ta ni ìbá ṣí ọnà Ilojo? Bí ògiri ṣe wó ló bá a lọ.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey kò jìnnà sí ibi tí Ilojo wà tẹ́lẹ̀. Àgùdà, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ fún Mohammed Shitta. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù July 1894, níbi ayẹyẹ náà ni Súlútáànì Turkey ti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ẹni tó ń kírun níbẹ̀ pọ̀, àwọn náà ló sì ń rí i bí ògiri bá là.