Ẹ̀kọ́ Tí Ọwọ́ Ń Kọ́ni: Àyẹ̀wò Ìtàn Fídíò Géèmù

Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: nínú àlàyé ẹnu àti iṣẹ́ ọwọ́, èwo ni ó yẹ kí ó ṣáájú nígbà tí ènìyàn bá ń kọ́ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ẹ̀rí kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ kì í kà sí, nítorí pé eré ni a pè é. Ẹ̀rí náà ni ìtàn fídíò géèmù.

Ní ọdún 1971, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Nolan Bushnell àti Ted Dabney ṣe ẹ̀rọ eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Computer Space. Bọ́tìnnì rẹ̀ pọ̀, ìlànà rẹ̀ sì gùn. Ó ṣòro fún àwọn tí wọ́n ń najú ní ilé ọtí láti lóye. Ní 1972, Allan Alcorn ṣe Pong fún ilé iṣẹ́ wọn tuntun, Atari. Ìlànà rẹ̀ kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e sí ilé ọtí kan ní ìlú Sunnyvale. Láìpẹ́, ó dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Alcorn ṣí i wò, owó ẹyọ ni ó ti kún inú rẹ̀ àkúnya.

Ẹnìkan lè sọ pé ìrọ̀rùn Pong ni ó jẹ́ kí ó gbayì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Super Mario Bros., tí ilé iṣẹ́ Nintendo ti Kyoto ní Japan gbé jáde ní 1985, kì í ṣe eré kékeré. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ni wọ́n gbé ètò rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Apá òsì ni Mario dúró sí, ó kọjú sí ọ̀tún; eléré yóò gba ọ̀tún lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kò tíì jìnnà tí ọ̀tá kan fi yọ. Bí ó bá forí sọ ọ́, ó kú, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá fò lé e lórí, ọ̀tá ni ó kú. Lẹ́yìn èyí, olú kan jáde láti inú àpótí. Ó jọ ọ̀tá lójú, eléré a fẹ́ sá, ṣùgbọ́n olú náà kọlu páìpù, ó ṣẹ́rí padà, ó fara kan Mario, Mario sì di ńlá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, eléré ti mọ ohun tí à bá fi ojú ìwé mélòó kan ṣàlàyé. (Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní ayò rí mọ̀ pé ìdí ọpọ́n ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.)

Ohun tí ó gba ẹ̀kọ́ yìí láyè ni pé àṣìṣe inú eré kì í pani. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣáájú fídíò géèmù, Edwin Link ti Binghamton ní New York, ọmọ ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ dùùrù, ti fi ẹwìrì dùùrù ṣe ọkọ̀ òfuurufú tí kì í kúrò nílẹ̀, ní 1929. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rà á. Ní 1934, wọ́n ní kí àwọn awakọ̀ ológun Amẹ́ríkà máa fi ọkọ̀ òfuurufú gbé lẹ́tà nínú òtútù àti kùrukùru. Ó lé ní mẹ́wàá nínú wọn tí ó kú. Lójú tèmi, ìgboyà kọ́ ni wọ́n ṣaláìní bí kò ṣe ibi tí wọn ìbá ti ṣe àṣìṣe kí wọ́n sì wà láàyè. Lọ́dún náà gan-an ni ilé iṣẹ́ ológun ra mẹ́fà nínú ẹ̀rọ Link.

Olùkọ́ kò kúrò níbẹ̀ o. Ó jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, gègé kan ń rìn lórí àwòrán ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń fa ìlà ipa ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn méjèèjì a jọ wo ibi tí ìlà náà ti wọ́, àlàyé a sì bẹ̀rẹ̀.