Ṣé Kí Wọ́n Gé Òfì Ìyá Àgbà?

Kí aṣọ má gba èèyàn mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ẹ wo aṣọ òkè. Lórí òfì àwọn ọkùnrin, kì í sábà fẹ̀ ju íńṣì 4 tàbí 5 lọ. Gbọọrọ ló ń jáde bí ọ̀já, wọ́n á wá rán an mọ́ra létí-létí títí yóò fi di ìró tàbí agbádá. Ohun tí a bá rán mọ́ra sì ṣeé tú. Èèyàn sanra? Fi ọ̀já kan kún un. Ó rù? Yọ ọ̀kan. (Kíjìpá táwọn ìyá ń hun lágbègbè Oǹdó yìí fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun náà a máa ní ojú rírán.)

Mi ò ní sísọ́ọ̀sì burú o. Fọláṣadé Thomas-Fahm, Shade tó kọ́ṣẹ́ ní London tó sì padà sílé ní 1960, fi síìpù sí ìró, ó ṣe gèlè tí wọ́n kàn ń dé bíi fìlà, ó sọ agbádá di aṣọ obìnrin. Ọ̀gá ni.

Ṣùgbọ́n èmi àti télọ̀ kan jiyàn ní Ìdànrè níbí. Ìró sányán ìyá àgbà mi kò yí mi ká, ó sì fẹ́ gé e ṣe síkẹ́ẹ̀tì. Òwú sányán, tí wọ́n ń fà lára ilé kòkòrò inú igbó, ti ṣọ̀wọ́n. Tó bá bàjẹ́, ibo la ti fẹ́ rí òmíràn? Ìborùn rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Abẹ la fi tú u, a mú ọ̀já méjì kún ìró. Àwọ̀ wọn yàtọ̀ díẹ̀, torí ìborùn kò rí oòrùn tó ìró. Ìlà yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù.