Ṣakabùlà àti Snider nígbà Ogun Kírìjì

Ṣakabùlà ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, tí òkúta ìṣáná sì ń dáná sí ẹ̀tù rẹ̀. Snider ni ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí a ń ki láti ìdí, tí ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ jọ wà nínú kátíríìjì kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì pàdé lójú ogun kan náà nílẹ̀ Yorùbá nígbà Ogun Kírìjì, èyí tí Ìbàdàn bá Èkìtìparapọ̀, ìṣọ̀kan àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, jà, tí a sì máa ń kà láti 1877 títí ìjọba Èkó fi tú àgọ́ méjèèjì ká ní 1893. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìbọn tuntun dé, ọwọ́ Ìbàdàn sì rọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó. Bí a bá tẹ̀ lé ẹ̀rí, a ó rí i pé ohun tó ń yan ìbọn fún jagunjagun àti ọdẹ ni ọ̀nà tí ẹ̀tù àti ọta ń gbà wọlé, pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ tó lè tún ìbọn náà ṣe. Ọjọ́ orí ìbọn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì yìí.

Ẹni tó fẹ́ yin ṣakabùlà á gbé ìdí ìbọn kalẹ̀, á wọn ẹ̀tù sí ẹnu rẹ̀, á fi èkísà tẹ̀ lé e, á sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Lẹ́yìn náà ni ọta yóò wọlé, á tún wá nǹkan dí i kó má baà yí jáde bó bá dorí ìbọn kodò. Á bu ẹ̀tù díẹ̀ sí abẹ́ òkúta ìṣáná, á fa irin rẹ̀ sẹ́yìn, ìgbà yẹn ló tó lè fojú sùn. Bí òjò bá kan ẹ̀tù abẹ́ òkúta yẹn, iná á ṣẹ́ lásán, ìbọn ò ní dún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ò lè yìn ín ju ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú kan, àti pé ihò ìbọn náà dán, kò ní ìlà tí yóò máa yí ọta kó lè lọ tààrà. Bí ọ̀tá bá ti jìnnà ju nǹkan bí 100 yáàdì lọ, ó kù sọ́wọ́ orí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn jagunjagun ṣe ń lò ó gan-an lè wo ìròyìn tí Captain A. T. Jones kọ lẹ́yìn tó lọ wo ọmọ ogun Ẹ̀gbá nígbà Ogun Ìjàyè ní 1861, èyí tí J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith tẹ̀ mọ́ ìwé wọn lórí ogun Yorùbá ní 1964.

Snider yàtọ̀ pátápátá. Jacob Snider, ọmọ Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ kalẹ̀: wọ́n mú ìbọn Enfield ti 1853, èyí tí òun náà jẹ́ akì-látẹnu, wọ́n gé ibi ìdí rẹ̀, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn irin kékeré kan síbẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún ọmọ ogun wọn ní 1866. Ayìnbọn á ṣí ìlẹ̀kùn náà sí apá ọ̀tún, á ti kátíríìjì bọ̀ ọ́, á pa á dé, á yìn ín. Bó bá tún ṣí i, á fa ìlẹ̀kùn sẹ́yìn kí idẹ òfìfo lè yọ, á sì yí ìbọn dojúdé kí idẹ náà bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín nígbà 10 ní ìṣẹ́jú kan, ní ìdùbúlẹ̀, láì dìde dúró kí ọ̀tá rí i. Ihò rẹ̀ ní ìlà. Lórí rẹ̀ ni irin ìfojúsùn tí a ń gbé sókè gbé sílẹ̀ wà, wọ́n sì fín iye yáàdì sí i lára dé ibi tó ju 800 lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń yin Snider máa ń fò dá: láti 1871 ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba Martini-Henry láti fi rọ́pò rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní tuntun lórí òkè Kírìjì ti di àlòkù ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tù ti wà nínú ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé ní 1877 Ààrẹ Láàtòósà, olórí Ìbàdàn, rán èrò lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́ tí a ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Ẹ̀gbá sì dá wọn lọ́nà. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde, Ìbàdàn sì ṣẹ́gun wọn ní Jálumi lẹ́bàá Ìkìrun ní oṣù kọkànlá 1878. Ṣakabùlà ni gbogbo wọn fi jà nígbà náà. Èkìtìparapọ̀ tún ara mú, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò wá di olórí ogun wọn, ogun náà sì dúró sí àárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí kò sí ẹni tó lè lé ẹnì kejì kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ìhà Oǹdó ọ̀dọ̀ wa nìyí, ó sì yẹ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Sàró tàbí oníṣòwò, ti dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀. Wọ́n lówó, wọ́n mọ ilé ìtajà òyìnbó, àwọn ni wọ́n sì ń ra Snider àti kátíríìjì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àgọ́. Ṣùgbọ́n rírà kọ́ ni ìṣòro. Bí ẹrù náà bá gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá, ó di ti onílẹ̀. Ọ̀nà kẹta ló yọ wọ́n, ọ̀nà Oǹdó, tí Glover, tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, ti ń gbìyànjú àtiṣí kí òwò Èkó lè dé òkè láì gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kọjá. Ní 1872, aṣojú ìjọba Èkó dé Oǹdó láti parí ìjà tó ti tú ìlú náà ká, kí àwọn ènìyàn lè padà sí Òde-Oǹdó. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ á gba ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn títí dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹrù á bọ́ sórí àwọn aláàárù, á gba Òde-Oǹdó, á gba Òkè-Igbó lọ́dọ̀ Dẹ́rìn Ọlọ́gbẹ́ńlá, olórí ibẹ̀, á gba Ifẹ̀, á sì dé Iléṣà. Ìjàkadì lórí irin àti idẹ tí a ń sọ yìí, lórí ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó Oǹdó ni ìdajì rẹ̀ ti yanjú. Ìbàdàn náà rí ìbọn tuntun díẹ̀ rà nígbà tó yá, àmọ́ ẹni tó ń ta á fún wọn ló ń ti ọ̀nà mọ́ wọn, kátíríìjì ò sì dọ́gba pẹ̀lú ìlò.

Báwo wá ni Snider ṣe pinnu ogun náà tó? Ọ̀rọ̀ kò dọ́gba lórí èyí, ó sì yẹ ká rọra sọ ọ́. Johnson, tí ojú rẹ̀ tó apá kan nínú ọ̀ràn náà ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ sún mọ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, fún ìbọn tuntun ní ipa ńlá nínú ìyà tó jẹ ọmọ ogun Ìbàdàn. S. A. Akíntóyè, nínú ìwé tó kọ lórí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní 1971, gbà pé ìbọn náà ṣe bẹbẹ, síbẹ̀ ó fún ìṣọ̀kan àwọn ọba àti ìjòyè Èkìtì ní àyè tirẹ̀. Lójú tèmi, ó jọ pé Snider dá Ìbàdàn dúró, kò lé wọn lọ. Ó mú kí ó léwu fún ẹnikẹ́ni láti sáré la pápá gbalasa kọjá, èyí tó jẹ́ ọ̀nà ìjà tí Ìbàdàn mọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìbọn nìkan tó, ogun ì bá ti parí láàárín ọdún kan. Láàtòósà kú sí àgọ́ ní 1885, àgọ́ ò tú. Àdéhùn àlàáfíà dé ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, lẹ́yìn tí Charles Phillips, àlùfáà Oǹdó, ti gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Èkìtì, tí Johnson sì gbé e lọ bá Ìbàdàn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgọ́ ò tú pátápátá títí di 1893, ẹnu ló ṣe ohun tí Snider ò lè ṣe.

Ẹnì kan lè sọ pé àìlówó àti àìmọ̀kan ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jagunjagun, ní ìhà méjèèjì, ṣì di ṣakabùlà mú. Owó wà nínú rẹ̀ dájú. Ti àìmọ̀kan ni ẹ̀rí ò gbè. Àwọn tó ń jà mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa, òkú ń sùn nítorí rẹ̀. Ohun tí wọ́n tún mọ̀ ni pé ẹ̀tù lásán ló ń bọ́ ṣakabùlà, a sì lè fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ègé irin ṣe ọta rẹ̀ bí òjé bá tán. Alágbẹ̀dẹ abúlé lè rọ irin tó kán nínú rẹ̀, ó lè tún ìdí igi rẹ̀ gbẹ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rọ odidi ìbọn. Kò sí alágbẹ̀dẹ kan lágbègbè Àkúrẹ́ tàbí Iléṣà nígbà náà tó lè rọ kátíríìjì Snider pẹ̀lú ohun tó ń dáná nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹrù Oǹdó bá pẹ́, igi àti irin ni ìbọn tuntun, ọ̀pá ìluni. Olórí ogun tó bá kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sórí Snider, tó sì fi ìyókù sílẹ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà, ọgbọ́n ló lò.

Òfin wá bọ́ sí i. Ní ọjọ́ 2 oṣù keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí àdéhùn Brussels, tó ní kí wọ́n má ṣe kó ìbọn onílà àti kátíríìjì rẹ̀ wọ apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà mọ́, ṣùgbọ́n tó fàyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta tí ihò rẹ̀ dán àti ẹ̀tù ọjà. Wọ́n fi àtijọ́ sílẹ̀ fún wa, wọ́n mú tuntun dání. Ní oṣù karùn-ún 1892 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbé ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim wá bá Ìjẹ̀bú. Ìpín yẹn kò tíì kúrò nínú òfin Nàìjíríà. Òfin ohun ìjà ti 1959 kó ìbọn akì-látẹnu sí ìsọ̀rí tirẹ̀, ó kó ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì sí abẹ́ ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ó sì ka ìbọn ológun léèwọ̀ fún aráàlú. Ìdí nìyí tí ọdẹ ìlú bí Ìgbàrà-Òkè, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, fi ṣì ń ki ìbọn láti ẹnu. Nígbà tí Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ aláàbò àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ìbéèrè àtijọ́ náà tún jí: ní oṣù kẹsàn-án 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó fẹ̀hónú hàn pé wọ́n fún ẹ̀ṣọ́ Katsina ní AK-47, wọ́n sì kọ̀ ọ́ fún Àmọ̀tẹ́kùn, ilé iṣẹ́ ààrẹ dáhùn pé ìpínlẹ̀ kankan ò gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.