Ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní òpópónà Ọba Akran (2023)

Ìjàm̀bá ọkọ̀ òfurufú ní òpópónà Ọba Akran wáyé ní ọjọ́ kìíní, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, nígbà tí ọkọ̀ òfurufú kékeré kan já lulẹ̀ sí òpópónà náà ní Ìkẹjà, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó. Irú Jabiru J430 ni ọkọ̀ náà, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sì ni 5N-CCQ. Iná ràn mọ́ ọn lẹ́yìn tí ó já lulẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kú.

Ìṣẹ̀lẹ̀ náà

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀. Òpópónà Ọba Akran kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed. Ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ìfowópamọ́ pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ kì í sì í wọ́n lójú pópó. Àwọn panápaná àti àwọn òṣìṣẹ́ pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó pa iná náà. Àjọ tí ó ń ṣe ìwádìí ìjàm̀bá ìrìnnà ní Nàìjíríà, NSIB, kéde pé ènìyàn méjì ni ó wà nínú ọkọ̀ náà.

Irú ọkọ̀ náà

Ìlú Bundaberg ní orílẹ̀-èdè Australia ni ilé-iṣẹ́ Jabiru wà. J430 jẹ́ ọkọ̀ oníjókòó mẹ́rin tí ó ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó tọ́ọ̀nù kan. Ó wà lára àwọn ọkọ̀ òfurufú tí a máa ń tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, kí ẹni tí ó rà á lè tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ bàálù gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe èyí tí ó ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ kí a tó lè ka ọkọ̀ sí èyí tí a kàn nílé. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì ní Nàìjíríà: láti ara RV-6A, ọkọ̀ alátòpọ̀ ti Van's Aircraft ní Amẹ́ríkà, ni a ti ṣe Air Beetle tí Iléeṣẹ́ Ológun Òfurufú ti fi kọ́ àwọn awakọ̀ rẹ̀ rí.

Ewu ìbalẹ̀ pàjáwìrì láàárín ìlú

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan bá kú lójú òfurufú, ọkọ̀ náà kì í já bí òkúta. Ó lè rá bàbà fún ìgbà díẹ̀. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ imú rẹ̀ sísàlẹ̀ kí eré rẹ̀ má baà dín kù jù. Bí eré bá dín kù jù, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́, kò sì ní ṣeé darí. Lẹ́yìn èyí, ilẹ̀ gbalasa ni ó yẹ kí ó wá. Ní Ìkẹjà, ilé, wáyà iná àti ọkọ̀ kò fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, hẹlikópítà kan já sí àárín ilé ní Òpèbí, ní Ìkẹjà kan náà, àwọn mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Ìwádìí

NSIB ni ó gba iṣẹ́ ìwádìí náà. Accident Investigation Bureau ni orúkọ àjọ yìí tẹ́lẹ̀, kí òfin ọdún 2022 tó yí i padà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé lórí ìwádìí ìjàm̀bá òfurufú, kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ni a fi ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe láti mọ ohun tí ó fa ìjàm̀bá, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.