Agbẹjọ́rò Ìjọba àti Ọ̀ràn Òṣìṣẹ́ ní Ìlọrin

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí á ti Ọjà-Ọba bẹ̀rẹ̀, níbi ààfin Ẹ́mírì Ìlọrin. Bí ìyá kan tí ń ta aṣọ níbẹ̀ bá gba ọmọbìnrin kan pé kí ó máa bá òun tajà, tí ọ̀rọ̀ wọn kò sì wọ̀ mọ́, ìyá náà lè san owó rẹ̀ fún un kí ó sì ní kí ó máa lọ. Adájọ́ kì í sábà fi agbára mú un láti gbà á padà. Bí kò bá kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀, owó ọjọ́ ìkìlọ̀ náà ni yóò ní kí ó san. Bí òfin ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ ti rí nìyẹn. Láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì ti bá wa dé ibí.

Iṣẹ́ ọba yàtọ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn aláṣẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1975, ìjọba ológun lé òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ káàkiri Nàìjíríà. Ẹ wá gbọ́ èyí: agbẹjọ́rò ìjọba kan, Bashir Alade Shitta-Bey, tí ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n fi agbára mú fẹ̀yìn tì. Ó pe ẹjọ́. Ní 1981, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a láre pé àwọn ìlànà iṣẹ́ ọba ní agbára òfin, àti pé ìjọba kò lè lé òṣìṣẹ́ tí wọ́n dáàbò bò bí ẹni lé ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a dá sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1967, ní àwọn agbẹjọ́rò tirẹ̀ ní Ìlọrin. Bí fáìlì òṣìṣẹ́ kan bá dé iwájú wọn, ìbéèrè pọ̀. Ta ni ó gbà á síṣẹ́? Ǹjẹ́ a fún un ní kúẹ́rì? Ṣé ó fèsì? Ṣé ìgbìmọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ṣé àjọ tí Ìwé Òfin 1999 fún ní agbára náà ni ó pàṣẹ, àbí ọ̀gá kan tí inú ń bí? Bí ọ̀kan bá kù, agbẹjọ́rò náà ní láti sọ fún àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ pé kí wọ́n dúró ná. Ó gba ìgboyà. Ní tèmi, ẹjọ́ tí kò jẹ́ kí ó dé kóòtù ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n irú ààbò kan náà ni òfin fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2001, nígbà ìjà ìyanṣẹ́lódì, olùkọ́ 49 gba lẹ́tà pé a kò fẹ́ iṣẹ́ wọn mọ́. Wọ́n jàre ní kóòtù ní 2005. Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 2006. Ní 2009 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́, 5 ní oṣù Kẹfà, 44 ní oṣù Kejìlá, pẹ̀lú owó oṣù wọn, nítorí pé a kò gbọ́ tẹnu wọn bí òfin ti là á sílẹ̀. Ọmọ ọdún 6 tí bàbá rẹ̀ gba lẹ́tà yẹn ti di ọmọ ọdún 14 kí bàbá tó padà.

Lẹ́yìn àtúnṣe Ìwé Òfin ní 2010, Ilé-Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Nàìjíríà, tí òfin 1976 bí, ni ọ̀ràn iṣẹ́ ń lọ. Ó ní ẹ̀ka ní Ìlọrin. Ohun ìjà kan wà tí agbẹjọ́rò ìjọba kọ́kọ́ máa ń fà yọ níbẹ̀: òfin àtijọ́ ti 1916, pé ẹni tí kò bá pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ láàárín oṣù 3 ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ rere ni ó kú bẹ́ẹ̀, láìsí ẹni tí ó gbọ́ ìdí rẹ̀. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Nígbà tí ó yá, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òfin náà kò kan àdéhùn iṣẹ́, agbẹjọ́rò ìjọba sì ní láti ṣí fáìlì náà kí ó sọ ohun tí òṣìṣẹ́ ọ̀hún ṣe.